Ẹnubodè Ìjàpá ní Aguidi

Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi dá gbòó, ó yí gbirigbiri, kò dúró ní Àjàṣẹ́, kò yà sí Sakété, ó lọ já sí ẹnu àká ọba àwọn ẹranko ní Aguidi, níbi tí ilẹ̀ ti pupa fòò, tí ọ̀pẹ̀ sì pọ̀ ju ẹni tó ń gùn ún lọ. Ẹ múra ègbè sílẹ̀. Bí mo bá ti dánu dúró, kí ẹ̀yin dáhùn pé "ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn." Ẹni tí kò bá gbè é, kó má bèèrè epo lọ́wọ́ mi lọ́la.

Ẹkùn ló ń jọba níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé Kìnìún ńkọ́. Igbó ọ̀pẹ̀ Sakété àti Pobè kì í ṣe ibùgbé Kìnìún, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹkùn pàṣẹ pé ẹranko tó bá kọ ẹyìn lórí ilẹ̀ òun, bó bá fún epo tirẹ̀ tán, kó kó ìdá kan nínú mẹ́wàá ekùrọ́ rẹ̀ wá sí àká ààfin. Ọ̀yà kó wá. Ẹtù kó wá. Òkété ń kó tirẹ̀ wá lóru, kí aládùúgbò má baà fojú díwọ̀n ìdá mẹ́sàn-án tó kù nílé. Ọdún ń gorí ọdún, ekùrọ́ ń gorí ekùrọ́, kò sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀ mọ́, pàápàá jù lọ akọ̀wé àká, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan iná sọ nílé Òwìwí, babaláwo ọba. Aṣọ jó, àpò jó, ikin 16 tó fi ń dá Ifá fún ìlú jóná mọ́ ọn. Òwìwí dé ààfin tòun ti eérú lórí.

"Kábíyèsí, ikin 16 ni mo fẹ́. Àká yín kún, ṣùgbọ́n ekùrọ́ lásán kọ́ o. Ojú mẹ́ta ni ekùrọ́ lásán ní. Ti Ifá gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Láìsí i, odù 256 wà níbi tí wọ́n wà, a ò kàn ní rí ẹnu bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

Ọba ránṣẹ́ pe Ehoro, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù. Ehoro gbé agbọ̀n, ó wọ àká. Ó mú ekùrọ́ kìn-ín-ní, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ka ojú rẹ̀: mẹ́ta. Ó sọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Ó mú ìkejì: mẹ́ta. Ó mú ìkẹta: mẹ́rin, ó jù ú sínú agbọ̀n. Wíwò kì í ṣe ìṣòro. Ohun tó ń pa Ehoro ni ìrántí: ó gbọ́dọ̀ rántí ibi tó dé, kó rántí iye tó ti rí, kó má gbàgbé ìgbà tí yóò ṣíwọ́, kó tó tún wá rántí pé ojú ni òun ń kà. Ẹ̀fọn bà lé e létí. Etí Ehoro tóbi, ẹ̀fọn ò wá ibi jìnnà. Ó gbá a, gbogbo òǹkà dà nù, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́jọ́ kìíní ó kó 17 wá, ọ̀kan jẹ́ òkúta. Lọ́jọ́ kejì ó kó 15 wá, ó sì búra pé òun ka 16 nínú àká. Ẹ fi ìkẹrìndínlógún yẹn sọ́kàn fún mi.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ nídìí Java, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ mọ Ehoro. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi `i` kékeré sí ẹnu `for`, tí ẹ ó sì fi òru ọjọ́ wá ibi tí ẹyọ kan ti lé tàbí ibi tí ẹyọ kan ti dín.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ṣe wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Kábíyèsí, ta ló ní kí ọba máa wá nǹkan? Ọba kì í wá nǹkan. Ọba á sọ irú èyí tó fẹ́, nǹkan á sì máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà kan láti ẹnu àká dé iwájú ìtẹ́. Màá fi ẹnubodè sí i. Oníbodè kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo. Èyí tó bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó kọjá. Èyí tí kò bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà, kó dúró sáyè rẹ̀."

Ẹkùn fura. "Bí wọ́n bá wá ṣàn tán ńkọ́? Ṣé àká mi á wá ṣófo?"

"Ẹ̀wọ̀! Ekùrọ́ fúnra rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Òjìji rẹ̀ ni yóò yí wá. Bí òjìji bá ti yege, a ó tọpa rẹ̀ lọ bá ekùrọ́ tó ni ín. Àká yín á wà bó ṣe wà."

Òkété na ọwọ́ sókè láàárín àwọn ìjòyè. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí, ó sì ti bá a sẹ́ ẹ láti kékeré; lójú tirẹ̀, ohun tí asẹ́ bá dá dúró lókè ni wọ́n ń dà fún ewúrẹ́. Ó ní, "Bí a bá fi ojú mẹ́rin ṣe ìbéèrè, ṣé olójú mẹ́rin la ó mú ni, àbí òun la ó dà nù?" Ìjòyè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò gọ̀, mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ `filter`, asẹ́ inú Java, tí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọn ò fẹ́ jọ, tí wọ́n tún gbé e lọ fún ọ̀gá wọn. Ìjàpá ní, "Ohun tí mo bá bèèrè ni mo fẹ́." Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa. Ìgbà kan ṣoṣo tí Ìjàpá sọ òtítọ́ nínú àlọ́ yìí nìyẹn.

Níbo ló ti rí ọgbọ́n náà? Ó ní wọ́n fi hàn òun lójú àlá. Irọ́ ni. Oṣù kẹta ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú Java 8, Brian Goetz sì ni ó ṣáájú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Stream ni wọ́n sọ ọ́. Abẹ́ fèrèsé ilé kan ní Kútọnu, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ, ni Ìjàpá sùn sí tó ti gbọ́ ọ. Ó pa orúkọ olóhun rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i, ó sì gba owó ìdáwọ́lé.

Wọ́n la ọ̀nà. Ó wá ku ẹni tí wọn yóò fi ṣe oníbodè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti di ti ìlú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ló yẹ ẹnubodè ojú, torí pé òun ti kàwé ọ̀pẹ̀ ní Pobè. Òótọ́ ni pé ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ̀ wà ní Pobè láti 1922. Òótọ́ ni pé wọ́n ń yan ìyá àti baba fún ọ̀pẹ̀ níbẹ̀: dura, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, pẹ̀lú pisifera, tí kò ní èèpo rárá, kí wọ́n lè bí tenera, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara rẹ̀ sì pọ̀ lépo. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí. Ohun tí kò sọ fún ọba ni pé orí ọgbà ló ń gbà wọ kíláàsì, ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Wọ́n fún un ní fìlà.

Ìgbín ní òun ńkọ́? Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ mọ́. Ó ní irú ìlú wo nìyí tí kò níṣẹ́ fún àgbà. Wọ́n bá dá iṣẹ́ sílẹ̀: kó máa to ekùrọ́ láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré. Ó tún ní àgbà kì í tẹ̀lé ọmọdé lẹ́yìn, òun ló gbọ́dọ̀ wà níwájú pátápátá, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó kàn. Wọ́n gbà. Ọ̀bọ ni wọ́n fi ṣe oníbodè ìkẹyìn: kó ka 16, kó sì kígbe pé "Ó tó!"

Ọjọ́ ìṣíde, ìlù dún láti Aguidi, wọ́n gbọ́ ọ ní Yoko. Ẹkùn gé rìbọ́nì. Ọtí sódàbì ṣàn ju omi òjò lọ. Ìjàpá gun orí àpótí, ó dárin:

Ekùrọ́ àká, ẹ dìde o,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Ẹ to níwájú Baba Ìgbín,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Olójú mẹ́ta, ẹ jókòó jẹ́ẹ́,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Olójú mẹ́rin, ẹ máa bọ̀,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Ó di 16, Ọ̀bọ á kígbe,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*

Wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ sílé.

Ohunkóhun kò ṣàn.

Oṣù kan, òjìji ekùrọ́ kan ò yọjú. Oṣù kejì, oníbodè mẹ́ta jókòó sídìí iṣẹ́, wọ́n ń gba owó ìjókòó. Oṣù kẹta, Òwìwí fi omijé bẹ ọba. Ọba bi Ìgbín, Ìgbín ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò kàn sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ òun ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ohun tí Baba Ìgbín kò bá fi ránṣẹ́, òun ò lè dá a ṣẹ̀dá. Ọ̀bọ ní òun ti ka òdo, òǹkà náà sì pé. Ìjàpá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dákẹ́, torí pé ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san owó àbójútó fún un.

Ọmọdé kan ló tú àṣírí. Ẹtù kékeré ń bá ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ ààfin, ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yẹn, níwájú ìtẹ́ níbi tí ọ̀nà ti parí, ó sì fi ohùn ọmọdé bẹ̀bẹ̀ pé: "Ẹ dà á sínú èyí fún mi."

Gìrìrìrì! Àká mì. Òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Gbogbo ìlú sáré dé. Wọ́n ní kí ni ọmọ yìí ṣe? Kò ṣe ju pé ó gbé igbá sí ìparí, ó sì bèèrè. Bó ṣe rí náà nìyẹn nínú Stream tí Ìjàpá jí. O lè kọ `filter` sórí `filter`, kí o fi `sorted` ti Ìgbín sí i, kí o fi `limit` ti Ọ̀bọ dé e lórí. Ètò lásán ni, kò sí ekùrọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wò. Àfìgbà tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá nawọ́ igbá, bóyá ó ní `toList`, bóyá ó ní `count`, bóyá ó ní `findFirst`, ìgbà náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pe ẹni àkọ́kọ́ nínú àká. Àwọn tó jó lọ́jọ́ ìṣíde ti jó lórí ìwé. Mi ò ní dárúkọ kànga ìlú kankan tí wọ́n jó ṣí, tí omi ò sì jáde.

Òjìji yí, ó yí, ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, ó sì dúró síbẹ̀. Ìkejì dé, ó dúró. Ẹgbẹ̀rún dé, wọ́n dúró. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń na ọrùn. Ẹkùn ní, "Baba Ìgbín, ẹ tú u sílẹ̀." Ìgbín ní, "Kábíyèsí, ẹ ní kí n mú èyí tó tóbi jù ṣáájú. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó tóbi jù, nígbà tí mi ò tíì rí èyí tó kù lẹ́yìn?" Kò parọ́. Ẹni tó ń tò ó ní láti rí gbogbo rẹ̀ kó tó lè tú ẹyọ kan sílẹ̀. Tí ẹ bá wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú, gbogbo àká ni yóò gbé sórí, àti olójú mẹ́ta àti aláìlójú, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ ni ọba ń wá nínú wọn. Àgbàlá Ìgbín kún, òjìji ń gun ara wọn, Ìgbín wọ inú ìkarahun rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ta ló máa sọ fún Ìgbín pé kó bọ́ sẹ́yìn? Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀. Ìyá Ẹtù, ẹni tí wọn ò kà sí ìjòyè, kúnlẹ̀, ó ní, "Baba wa, a ò ní kẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ àká níbẹ̀ jìnnà sí ọba jù fún irú yín. A fẹ́ sún yín mọ́ ìtẹ́ ni." Ìgbín gbé ilé rẹ̀ kíá, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí i tó sáré.

Ìyá Ẹtù ò tíì dìde. Ó kọjú sí Òwìwí. "Baba Awo, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tò ó láti orí títóbi ni?"

Òwìwí ní, "Èmi? Ojú mẹ́rin ni mo ní. Mi ò sọ̀rọ̀ títóbi."

Ilé pa lọ́lọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ títò. Iṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ fún Ìgbín, ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, kò sí. Wọ́n fi Ìgbín sílẹ̀ lẹ́bàá ìtẹ́ pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì tún ọ̀nà là láti ẹnu àká láìsí ẹnubodè rẹ̀. Bí ẹ bá dé ààfin kan tí ẹ rí àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí ọba, tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ kí i dáadáa.

Ẹtù kékeré tún gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. Òjìji ń dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Olójú mẹ́ta ń pòórá, olójú mẹ́rin ń kọjá. Ọ̀bọ ń kà. Bí ìkẹrìndínlógún ti bọ́ sínú igbá, ó kígbe pé, "Ó tó!" Ọ̀nà dákẹ́. Ekùrọ́ tó kù nínú àká ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó ń kọ Java ní Aguidi lónìí á kọ gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn sórí ìlà kan:

`àká.stream().filter(e -> e.ojú() >= 4).limit(16).toList()`

Java kò bínú sí àmì ohùn wa. Ó gba `àká`, ó gba `ojú`, bí ẹ bá ṣáà kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. `toList` tó wà ní ìparí yẹn, ẹ̀yà 16 ló bá dé, ní oṣù kẹta 2021, igbá tó sì ń gbé fúnni kò ṣeé fi kún, kò ṣeé yọ kúrò. Ẹ̀yà 16, ikin 16. Èmi ò sọ pé Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ìròyìn dé Pobè. Ẹfọ̀n, ọba wọn níbẹ̀, fẹ́ ikin tirẹ̀, ó sì fi agbè sódàbì mẹ́wàá ra ọ̀nà náà lọ́wọ́ Ìjàpá. Ìjàpá tà á. Ẹfọ̀n gbé igbá kalẹ̀, ó ké títí ohùn fi há. Dípò òjìji, ohùn kan ló dáhùn látinú ọ̀nà náà pé stream yìí ti ṣiṣẹ́ tán, tàbí kẹ̀ wọ́n ti tì í. Ọ̀nà tí nǹkan bá ti gbà dé inú igbá ti lo ayé rẹ̀ tán, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹni tó bá tún fẹ́, kó padà sẹ́nu àká kó tún pè é látìbẹ̀rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìjàpá kọ ọ́ sínú ìwé owó bíi pé òkè ńlá ni wọ́n gbẹ́.

Òwìwí ló wá gbé ẹjọ́ mìíràn dé. Ó to ikin 16 rẹ̀ sórí ọpọ́n, ó wò wọ́n lóru tí ojú rẹ̀ mú. Ojú eyín wà lára gbogbo wọn. Wọ́n sáré wọ àká. Láti ẹnu ọ̀nà wọ inú, gbogbo ekùrọ́ ló ní ojú eyín, àti olójú mẹ́ta àti olójú mẹ́rin. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí dé ibi kan; láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, kò sí eyín lára ẹyọ kan. Ibi tí eyín parí sí gan-an ni ekùrọ́ tó jẹ́ ìkẹrìndínlógún nínú igbá wà.

Ọba ní kí wọ́n mú Ọ̀kẹ́rẹ́ wá.

"Kábíyèsí, mi ò wọ àká rí. Òjìji ló ń kọjá níwájú mi."

"O sì ń bù ú jẹ."

"Òjìji ni, Kábíyèsí! Ta ló ń yó pẹ̀lú òjìji?"

Ṣùgbọ́n òjìji tó ń kọjá níbẹ̀, okùn ló so ó mọ́ ekùrọ́ tó ni ín. Bó o bá gé e jẹ níhìn-ín, ọgbẹ́ á wà lára rẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ oníbodè ni kó bèèrè, kó gbọ́, kó jẹ́ kó kọjá tàbí kó dá a padà. Nígbà tó bá fi ẹnu kan ohun tó ń yẹ̀ wò, àká ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé olè fọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ Java ń pariwo èyí lójoojúmọ́, àwọn ọmọ wọn sì ń bá a lọ láti fi ẹnu kàn án. Wọ́n gba fìlà lórí Ọ̀kẹ́rẹ́.

Inú bí Ẹkùn débi pé kò jẹun alẹ́. Ó ní òun fẹ́ olùtọ́jú àká tuntun, ẹni tí kò fi ẹnu kan ekùrọ́ ọba rí láyé. "Kí òjìji gbogbo ìjòyè mi gba ẹnubodè. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá yege, ẹ mú un wá bá mi níwájú àwọn àlejò Pobè." Wọ́n fi Àkùkọ ṣe oníbodè, nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bí ẹni tó ti jẹ ekùrọ́ ọba bá kàn án, á kọ.

Òwìwí bèèrè pé, "Bí kò bá wá sí ẹnì kankan ńkọ́?"

Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Láyé àtijọ́, ìránṣẹ́ tó bá lọ tí kò rí ẹni tí wọ́n rán an sí á padà wá, á na ọwọ́ òfìfo sí ọba bíi pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọba á dì í mú, á sì fi ẹnu gbálẹ̀. Tony Hoare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú ọwọ́ òfìfo yìí, tí wọ́n ń pè ní null, wọ èdè kọ̀ǹpútà lọ́dún 1965; lọ́dún 2009 òun fúnra rẹ̀ dìde, ó pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là. Java 8 wá gbé igbá olómorí dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Optional: nǹkan lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè má sí, ẹni tó bá gbà á, kó mì í wò kó tó ṣí i.

Òwìwí ní, "Bó bá ṣófo, ẹ jẹ́ kí igbá fúnra rẹ̀ lọgun, kí gbogbo ìlú gbọ́." Ọ̀nà wà fún un lóòótọ́, `orElseThrow` ni. Ẹkùn ní ká má rí i, àlejò á ti jókòó. Ìjàpá wá tẹ̀ síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kábíyèsí, kí ní ń fa ariwo? Ẹ jẹ́ kí n kọ ìlà kékeré kan sísàlẹ̀ ìwé: bí kò bá sí, kí wọ́n fi èyí tó wà nítòsí dí i." Ó kọ `orElse`, ó kọ orúkọ kan sínú àkámọ́ rẹ̀. Ẹkùn ò kà á. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ pé. Àlejò jókòó, Ẹfọ̀n wà níwájú, ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lára Ìjàpá. Ìjàpá dárin látẹ̀yìn ògiri, kò sẹ́ni tó rí i:

Ìjòyè ọba, ẹ tò wá o,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Ẹni ó ti jẹ, Àkùkọ á kọ,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Ẹni kò jẹ, kó wọ igbá,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Bí kò bá sí, bí kò bá sí o,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*
Ìlà ìsàlẹ̀ ti mọ̀ ọ́n,
— *ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣàn.*

Òjìji Ọ̀bọ dé. Kekereke! Òjìji Òkété dé, Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbín ní òun ò jẹ ekùrọ́, àdín rẹ̀ nìkan lòun ń mu. Kekereke! Akọ̀wé àká ò tíì dé ẹnubodè tí Àkùkọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku Ehoro, ẹni tí gbogbo wa ń fojú ẹni rere wò, àgàgà èmi. Ọkàn ọba balẹ̀. Ehoro súnmọ́ ẹnubodè, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kekereke! Ikin kẹrìndínlógún, tó kà nínú àká lọ́jọ́sí, tí kò dé ààfin.

Ìjòyè tán.

Wọ́n gbé igbá olómorí wá síwájú ọba. Ẹtù kékeré sọ látìdí ìgbálẹ̀ pé, "Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ mì í wò." Wọ́n ní kó panu mọ́, ọba kì í mi igbá níwájú àlejò. Ẹkùn ṣí i.

Ìjàpá ló jókòó sínú rẹ̀, ó wà déédéé, kọ́kọ́rọ́ àká ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Àlejò pàtẹ́wọ́. Àkùkọ fò sókè. "Èyí ò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá! Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan! Ojú ọ̀nà kọ́ ló gbà dé inú igbá!"

Ìjàpá yọ orí jáde. "Àkùkọ, ọ̀rẹ́ mi, wàá sọ òtítọ́ níwájú ọba. Gbogbo ìjòyè tó kọjá, o kọ lé wọn lórí. Ṣé o kọ lé èmi lórí?"

"Mi ò kọ, torí pé..."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Òwìwí ní kí wọ́n ka ìlà ìsàlẹ̀ ìwé sókè. Wọ́n ní ìwé ti wọ inú àpótí, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lọ́wọ́ olùtọ́jú àká. Ẹfọ̀n dìde, ó bu ìdọ̀bálẹ̀ fún olóyè tuntun, ó sì bi í ní jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá wọ́n lè bá òun kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé tirẹ̀ ní Pobè. Ìjàpá ní agbè sódàbì ogún ni.

Ọjọ́ ọjà Aguidi tó tẹ̀lé e, àtẹ àdín Yánníbo gùn ju ti gbogbo ọlọ́jà lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń bá a wọ̀n ọ́n.